Bí Àwọn Ará Orangi Ti La Ọ̀nà Fún Omi Ẹ̀gbin

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Nehemáyà yóò rántí bí a ti tún odi Jerúsálẹ́mù mọ: a pín iṣẹ́ náà fún agbo ilé dé agbo ilé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú sì tún apá tí ó kọjú sí ilé tiwọn gan-an ṣe. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó máa ń rántí pé ibodè kan wà nínú odi náà tí à ń pè ní ibodè ààtàn, àti pé kì í ṣe ẹrú ni a fi tún un ṣe, bí kò ṣe ìjòyè kan, Malkíjà ọmọ Rékábù. A kò gbọ́ pé ó ráhùn pé ipò òun ga ju ibẹ̀ lọ.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé ìtàn tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ìtàn ibodè ààtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, a máa ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wẹ ọwọ́, kí wọ́n wẹ ara, kí wọ́n sì fọ aṣọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó bi wọ́n pé, omi tí ẹ fi wẹ̀, níbo ni ó gbà lọ? Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn bá ń da omi síwájú lójoojúmọ́ ní ibi kan ṣoṣo, tí omi náà kò sì mọ́, ẹrẹ̀ àti àrùn ni wọn yóò máa tẹ̀.

Ìlú Karachi ni ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Pakístánì, etí Òkun Arábíà ni ó sì wà. Nígbà tí a pín Íńdíà sí méjì ní ọdún 1947, àwọn Mùsùlùmí tí ó sá kúrò ní ìhà Íńdíà ya wọ inú ìlú yìí, láti ìgbà náà ni ilé kò sì ti tó àwọn ènìyàn mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1965, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀dó sí ilẹ̀ gbígbẹ kan tí ó kún fún òkè kéékèèké ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú, ibi tí à ń pè ní Orangi. Lẹ́yìn ogun ọdún 1971, nígbà tí Pakístánì Ìlà-Oòrùn di Bangladẹ́ṣì, ọ̀wọ́ àwọn ìsáǹsá mìíràn tún dé bá wọn. Ìjọba kọ́ ni ó pín ilẹ̀ fún wọn. Àwọn alágbàtà ni ó wọn ilẹ̀ ìjọba, tí wọ́n gé e sí ojúlé ojúlé ní òpópó tí ó tọ́, tí wọ́n sì tà á láìsí ìwé. Àwọn ènìyàn náà kọ́ ilé wọn fúnra wọn. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni a ti ń rí ẹni tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì. Òun ni ó ń tà á fún wọn ní àwìn, òun náà ni ó sì ń fi ọ̀nà ìkọ́lé han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Báyìí ni Orangi ṣe di ìlú nínú ìlú, tí iye àwọn ará rẹ̀ fi ń sún mọ́ 1,000,000 bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Nígbà tí ilé dúró tán ni ọ̀ràn mìíràn dìde. Garawa ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò fún ìgbọ̀nsẹ̀. Agbépóò a máa wá gbé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a sì máa dà á sí ibikíbi tí ó bá rí. Àwọn tí ó ní owó díẹ̀ gbẹ́ ṣáláńgá, ṣùgbọ́n kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí kòtò náà fi ń kún. Omi ìwẹ̀, omi aṣọ àti omi ìdáná ń ṣàn ní àárín òpópó nínú gọ́tà tí a kò bò, àwọn ọmọdé sì ń ṣeré ní etí rẹ̀. Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru kò kúrò ní ilé. Ọ̀rinrin ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri tí baálé ilé fi gbogbo ohun tí ó ní kọ́. Àwọn obìnrin ni ìyà náà pọ̀ jù fún, nítorí àwọn ni ó wà nílé láti òwúrọ̀ di alẹ́, àwọn ni ó ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, àwọn náà ni ó sì ń bá aládùúgbò jà nígbà tí omi ẹ̀gbin ilé kan bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé kejì. A máa ń pa á lówe pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní Orangi, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní òwe.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1980 ni àgbàlagbà kan dé sí àárín wọn. Akhtar Hameed Khan ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 65 sì ni. Ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. A bí i ní Agra ní ọdún 1914. Ní ọdún 1936 ó wọ iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, ipò tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ìgbà náà kò lè ní bí kò ṣe ní ojú àlá. A sì rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge. Ilẹ̀ Bengal ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ àjẹ́lẹ̀ nígbà tí ìyàn ńlá ọdún 1943 bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó rí nínú ìyàn náà kò jẹ́ kí ó lè bá ìjọba náà ṣe mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, tí ó lọ sí abúlé kan ní ẹ̀bá Aligarh, tí ó sì di alágbàṣe àti ẹni tí ń ṣe àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́, fún nǹkan bí ọdún méjì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ó ti jókòó lórí àga àjẹ́lẹ̀ kí ó máa fi ayùn irin rẹ́ ẹnu kọ́kọ́rọ́ ní abúlé! Àwọn kan yóò pè é ní wèrè. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ohun tí kò sí ní Cambridge, èyíinì ni bí ọkàn tálákà ti ń ṣírò owó.

Lẹ́yìn èyí ó di olùkọ́, ó sì di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga Victoria ní Comilla, ní ilẹ̀ tí í ṣe Bangladẹ́ṣì lónìí. Ní ọdún 1959 ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìdàgbàsókè ìgbèríko, ó sì kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí ni a ṣe fún un ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay ní ọdún 1963. Ẹni tí ó pè é wá sí Orangi ni Agha Hasan Abedi, olórí ilé ìfowópamọ́ BCCI, owó ilé ìfowópamọ́ yìí ni a sì fi dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Orangi Pilot Project sílẹ̀. (Ilé ìfowópamọ́ náà wó ní ọdún 1991 pẹ̀lú ìtìjú ńlá, gọ́tà àwọn ará Orangi kò bá a wó.)

Khan kò kọ́kọ́ kọ́ ohunkóhun. Rírìn ni ó ń rìn láti òpópó dé òpópó, ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí ó ń dùn wọ́n. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ìṣòro wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìjọba ni ó yẹ kí ó la ọ̀nà omi fún wọn, lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti ń dúró dè é láti ọdún wọ̀nyí wá. Ìrètí yìí ni Khan kà sí ìdènà kìíní. Èkejì ni pé owó tí ìjọba ń ná lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ga ju ohun tí apá tálákà lè ká. Ẹ̀kẹta, àwọn ará òpópó kò mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹrin, kò sí ètò kan tí ó so wọ́n pọ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó jẹ́ ọ̀ràn owó.

Ní ti owó náà, nígbà tí a tú u wò, ohun tí a bá nínú rẹ̀ kì í ṣe sìmẹ́ńtì àti yanrìn nìkan. Èrè agbaṣẹ́ṣe wà níbẹ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, àwòrán iṣẹ́ tí a ṣe fún títì tí ọkọ̀ ńlá ń gbà sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá kì í gba inú òpópó tóóró ti Orangi. Arif Hasan, ayàwòrán ilé tí ó di olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti ọ̀ràn yìí. Wọ́n fi páìpù tí kò tóbi sí abẹ́ ilẹ̀, wọn kò sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n ṣe ẹ̀dà irin tí a lè da kọnkéré sí láti fi ṣe ihò àyẹ̀wò àti ìdérí rẹ̀ ní ojú òpópó gan-an, ẹ̀dà irin yìí ni wọ́n sì ń yá àwọn ará òpópó láìgba owó. Láàrin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi kòtò kékeré kan sí, tí a fi sìmẹ́ńtì mọ yíká. Níbẹ̀ ni ohun líle ń rọ̀ sí, kí ó má baà dí páìpù, kí omi nìkan sì máa ṣàn lọ. Báyìí ni iye owó náà fi wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé kan fi lè ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìpín tirẹ̀ nínú gọ́tà òpópó pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 sí 1,500 rúpì ní ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n Khan ti hàn jù ni bí ó ti yan ìwọ̀n àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò pe gbogbo Orangi jọ sí pápá kan láti bá wọn sọ̀rọ̀. Òpópó kan ni ó mú, èyí tí ilé inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 sí 40 lọ. Orangi kún fún onírúurú ẹ̀yà àti èdè, ìfura wọn sí ara wọn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n nínú òpópó kan, olúkúlùkù mọ ojú ẹnì kejì rẹ̀, ó mọ ẹni tí ó máa ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà a wá bá wọn ṣe ìpàdé, wọ́n a fi àwòrán hàn wọ́n, wọ́n a sì sọ fún wọn pé, Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ yan ẹnì kan láàrin ara yín tí yóò ṣe olórí iṣẹ́, kí gbogbo ilé sì fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Bí ìwé náà kò bá wá, wọn kò ní padà. Bí ó bá wá, àwọn ọ̀dọ́ tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ a lọ wọn òpópó náà, wọ́n a wò bí ilẹ̀ ti dagun tó, wọ́n a ya àwòrán, wọ́n a sì kọ iye tí gbogbo rẹ̀ yóò ná wọn.

Owó ńkọ́? Olórí òpópó ni ó ń gbà á lọ́wọ́ ilé dé ilé, òun ni ó sì ń ná an ní ojú gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ Khan kò fi ọwọ́ kan rúpì kan nínú rẹ̀. Àwa tí a ti ilé alájọ dàgbà kò ní ṣàìmọ ìdí rẹ̀. Owó tí mo mọ ọwọ́ tí ó wà, tí mo lè kan ìlẹ̀kùn ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, yàtọ̀ sí owó tí ó wọ ọ́fíìsì. Àwọn ará òpópó mìíràn gbẹ́ ilẹ̀ fúnra wọn bí ẹni tí ó ṣe ọ̀wẹ̀. Àwọn mìíràn háyà alágbàṣe, wọ́n sì dúró tì í. Bí páìpù bá dí lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó ń wá ìjọba lọ, nítorí pé olúkúlùkù mọ ibi tí ó gbà kọjá.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọnkéré àwọn òpópó àkọ́kọ́ kò dára, nítorí pé wọn kò pò ó bí ó ti yẹ, wọn kò sì bu omi sí i títí yóò fi le. Èyí mú kí ẹgbẹ́ náà fi àsìkò púpọ̀ kọ́ àwọn bíríkìlà àti àwọn olórí òpópó. Àwọn kan da pàǹtí sínú gọ́tà. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti òkèèrè sì wí pé asán ni, pé a kì í bẹ̀rẹ̀ gọ́tà láti ẹnu ọ̀nà tálákà. Láti ibi gọ́tà ńlá ìlú ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tí ó pé pérépéré, kí a tó bọ́ sí àdúgbò. Ọ̀rọ̀ wọn dàbí ẹni pé ó tọ́. Ohun tí wọn kò kà sí ni bí ilẹ̀ Orangi ti rí. Ilẹ̀ náà dagun, ipa àgbàrá tí Ọlọ́run dá sì gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní nala. Òpópó tí ó bá sún mọ́ nala lè da omi rẹ̀ sí i láìdúró de ẹnikẹ́ni; èyí tí ó jìnnà a bá àwọn òpópó tí ó yí i ká sọ̀rọ̀ láti ṣe gọ́tà kan tí ó tóbi díẹ̀ tí yóò gbé omi gbogbo wọn dé ibẹ̀. Àwòrán kò pé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pé bí iṣẹ́ ti ń lọ. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ilé tí ó lé ní 90,000 ní Orangi ni ó ti so mọ́ gọ́tà tí àwọn ará òpópó fi owó ara wọn ṣe.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a ti dúró díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tí ó sọ ìtàn yìí ti máa ń fò kọjá. Omi tí ó kúrò ní ẹnu ọ̀nà Orangi kò tíì mọ́. Inú nala ni ó bọ́ sí, nala sì gbé e dé odò Lyari, Lyari sì gbé e dé inú òkun, níbi tí àwọn apẹja ti ń dẹ àwọ̀n. Khan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ èyí, wọn kò sì fi pamọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pín iṣẹ́ náà sí méjì: ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gọ́tà òpópó àti gọ́tà àdúgbò jẹ́ ti àwọn ará ìlú, gọ́tà ńlá tí ó gba ìlú kọjá àti ibi tí a ti ń sọ omi di mímọ́ jẹ́ ti ìjọba. Nítorí náà, àwọn tí ó ń tọ́ka sí Orangi láti fi hàn pé tálákà lè ṣe ohun gbogbo fúnra rẹ̀, kí ìjọba lè fi ọwọ́ lẹ́rán, ń ṣi ìtàn náà sọ. Ọ̀kan nínú apá méjèèjì yìí ti ṣe ipa tirẹ̀.

Ẹni tí ó lépa apá kejì jù ni obìnrin kan, Perween Rahman. Dhaka ni a ti bí i ní ọdún 1957. Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ni ó kọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ó sì fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ tí ó wá sí Orangi. Òun ni ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti ya àwòrán gọ́tà àti nala, kì í ṣe ti Orangi nìkan, ṣùgbọ́n ti àwọn àdúgbò tálákà yòókù ní Karachi. Ohun tí àwòrán náà fi hàn ni pé inú nala ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀gbin ìlú ń gbà, kì í ṣe inú gọ́tà ìjọba, àti pé omi tí ń dé ibi ìsọdimímọ́ tí ìjọba kọ́ kéré. Ìmọ̀ràn wọn rọrùn: kí a tẹ̀lé ibi tí omi ń gbà, kí a ṣe gọ́tà ńlá sí ipa nala, kí a sì kọ́ ibi ìsọdimímọ́ sí ibi tí nala ti ń bọ́ sí òkun. Ní ọdún 1999, nígbà tí ìjọba fẹ́ yá owó ńlá lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ ìdàgbàsókè Éṣíà fún iṣẹ́ omi ẹ̀gbin ní ìhà Korangi, àwòrán àti ìṣirò Orangi wà lára ohun tí ó mú kí gómìnà Sindh fagi lé e. Gbèsè tí àwọn ọmọ wọn ìbá san ni èyíinì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ Éṣíà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní àkókò kan náà gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, José Carlos de Melo, ẹnjiníà ilẹ̀ Bràsíìlì, bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn ní ìlú Natal: àwọn ilé tí ó wà ní bulọ́ọ̀kì kan yóò pàdé, wọn yóò fi ohùn ṣọ̀kan bóyá ẹ̀yìnkùlé ni páìpù yóò gbà tàbí iwájú ilé, ìjọba yóò sì gba omi náà lọ́wọ́ wọn ní ojú kan ṣoṣo. Nígbà tí ó yá, ètò yìí dé Salvador ní Bahia, ìlú tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ṣì ń ṣàn nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá tí a ń pè ní Bahia Azul ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1990. Àwọn oníṣègùn ka ọjọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru fi ń ṣe àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ṣáájú iṣẹ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2007 ni a tẹ èsì rẹ̀ jáde: ó dín ní 21 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìlú, ní àdúgbò tí ó burú jù tẹ́lẹ̀ sì ni ó ti dín ní 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbẹ̀, ìjọba ti ṣe ipa tirẹ̀ pẹ̀lú.

Akhtar Hameed Khan kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1999 ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti lọ kí ìdílé rẹ̀. A gbé òkú rẹ̀ padà, a sì sin ín sí ọgbà ọ́fíìsì rẹ̀ ní Orangi. Perween Rahman ń bá iṣẹ́ lọ. Àwòrán rẹ̀ ti kúrò ní ti gọ́tà nìkan nígbà náà. Ó ti ń fi ibi tí àwọn kan ti ń jí omi ẹ̀rọ ìlú tà hàn, àti ilẹ̀ abúlé tí wọ́n ń fi ipá gbà ní eteetí ìlú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2013, bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ lọ sí ilé, a yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà, kò jìnnà sí àwọn òpópó tí ó ti wọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ ní iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.